Nígbà Tí Aago Mẹ́wàá Ààbọ̀ Bá Lù

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti wa ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí àwọn ọmọ ń ké "ebi ń pa mí" lẹ́yìn rẹ̀, tó ti fọkàn sí ẹyin àti búrẹ́dì gbígbóná látìgbà tó ti kúrò nílé, á dé iwájú wíńdò ilé oúnjẹ fast food, níbi tí wọ́n ti ń ra oúnjẹ láì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á ní oúnjẹ àárọ̀ ti parí, bọ́gà ló kù. Ẹyin ò tán o. Ẹyin wà nínú fíríìjì, kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ sẹ́yìn ẹni tó ń dá a lóhùn. Búrẹ́dì wà, sọ́séèjì wà. Àkókò ló tán. Oúnjẹ tó tán kì í dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ tí wọ́n ní a ò lè jẹ ló máa ń ká ni lára.

Mo ṣiṣẹ́ nídìí iná irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kí n tó rí iṣẹ́ tí mo kàwé fún. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ọ̀rọ̀ náà bá bẹ́ sílẹ̀ níbi tí àwa ọmọ Yorùbá bá pé jọ sí, yálà lẹ́yìn ìsìn ni tàbí níbi ìkómọ, mi ò lè dákẹ́. Ẹnì kan á ní ahun ni àwọn òyìnbó yìí. Òmíràn á ní wọ́n kàn fẹ́ fipá mú wa ra bọ́gà tó wọ́n jù ú lọ ni. Ọ̀rọ̀ owó wà ńbẹ̀, mi ò ní sọ pé kò sí. Ọ̀rọ̀ iná àti ọwọ́ èèyàn ló ṣáájú owó, òun sì ni ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ò lè rí.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lọ́dún 1948, ní San Bernardino ní California, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Maurice àti Richard McDonald, ti ilé oúnjẹ wọn pa fún oṣù bíi mélòó kan. Oúnjẹ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló sì máa ń gbé e lọ bá oníbàárà nínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí ilẹ̀kùn padà, oúnjẹ mẹ́sàn-án péré ló kù lórí pátákó. Sẹ́ńtì 15 ni bọ́gà kan. Kò sí pé o fẹ́ ti tìrẹ lọ́nà tó yàtọ̀, kò sí pé kí wọ́n gbé e wá bá ọ. Ẹnì kan ń yan ẹran, ẹnì kan ń to búrẹ́dì, ẹnì kan ń wé e, ó parí. Àìpọ̀ oúnjẹ yẹn gan-an ló bí iyára, iyára ló sì bí gbogbo ohun tí à ń pè ní fast food lónìí. Bí wọ́n bá ti ń fi oúnjẹ kún un, iyára á máa dín kù. Kò sí ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ti dá sí i tí ìyẹn fi yí padà.

Oúnjẹ àárọ̀ ò sí nínú ìwé wọn rárá nígbà yẹn. Ilé oúnjẹ náà kì í ṣílẹ̀kùn ní kùtùkùtù. Ilé wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, owó ilé ń gorí ara rẹ̀, gríìlì tí wọ́n ń yan ẹran lé lórí tutù bí omi àmù títí di ọwọ́ ìyálẹ̀ta. Herb Peterson, tó ní ilé oúnjẹ McDonald's kan ní Santa Barbara, ló rí àǹfààní tó wà nínú wákàtí òfìfo yẹn. Ó fẹ́ràn oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní Eggs Benedict: ẹyin tí wọ́n fọ́ sínú omi gbígbóná, tí wọ́n gbé lé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti búrẹ́dì muffin, tí wọ́n wá da ọbẹ̀ bọ́tà lé lórí. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ò ṣeé fọwọ́ mú jẹ lórí ìjókòó ọkọ̀. Peterson ní kí wọ́n bá òun rọ àwọn òrùka irin tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́, kí ẹyin lè ṣe róbótó bíi muffin. Ó yọ ọbẹ̀ kúrò, ó fi wàràkàṣì dípò rẹ̀. Ó pe Ray Kroc, ọ̀gá pátápátá, wá tọ́ ọ wò ní ìparí ọdún 1971. Egg McMuffin nìyẹn. Lọ́dún 1975 ó ti tàn ká Amẹ́ríkà, nígbà tó sì fi máa di 1977, odindi oúnjẹ àárọ̀ ti wà lórí pátákó: hotcake (àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ), sọ́séèjì, ẹyin tí wọ́n lù pọ̀.

Ibi tí mo ń lọ nìyí: orí wákàtí tí gríìlì ò rí nǹkan ṣe ni wọ́n kọ́ oúnjẹ àárọ̀ lé. Àlejò ni ó jẹ́ lórí irin yẹn. Nígbà tí onílé bá dé lọ́sàn-án, àlejò á dìde.

Ẹ wá wo bí ìdìde náà ṣe rí. Gríìlì jẹ́ irin pẹlẹbẹ, ó fẹ̀, ó wúwo, kì í yára gbóná, kì í sì í yára tutù. Ẹyin kò fẹ́ iná púpọ̀. Bí irin bá gbóná bó ṣe yẹ fún ẹran bọ́gà, ìsàlẹ̀ ẹyin á ti pọ́n rákóráko, á ti le bí awọ, kí òkè rẹ̀ tó jinná. Ẹran lílọ̀ ní tirẹ̀ ń fẹ́ iná tó le, torí àwọn aláṣẹ ìlera oúnjẹ ní Amẹ́ríkà sọ pé inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n Fahrenheit 160 kó tó di jíjẹ, nítorí kòkòrò àìfojúrí. Irin kan ṣoṣo ò lè sin ọ̀gá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òtítọ́ ni pé a lè pín in sí ọ̀nà méjì, kí apá kan gbóná ju ìkejì. Àmọ́ ìdajì gríìlì ló máa kù fún bọ́gà lásìkò tí gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àdúgbò ń rọ́ wọlé.

Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àwa tó wà nídìí iná ti máa ń wo ara wa lójú. A kì í sọ̀rọ̀. Èmi á ka ẹyin tó kù nínú àpótí tó ń mú oúnjẹ gbóná, ẹnì kejì á ka sọ́séèjì. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kéèyàn má ṣe dín èyí tó pọ̀ jù, torí ohun tó bá kù, inú garawa ìdọ̀tí ló ń lọ. Kò sì gbọ́dọ̀ kéré jù, torí ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn ni èrò máa ń pọ̀ jù lọ. Gbogbo ẹni tó mọ̀ pé àkókò ń lọ ló ń sáré bọ̀. Òrùka ẹyin mẹ́jọ wà lórí irin níwájú mi. Mo fọ́ ẹyin sínú wọn, mo gún pupa rẹ̀, mo bù omi sí ìdérí, mo dé e, aago kékeré tó wà lókè orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kí ó tó dún, wọ́n ti ké sí mi fún mẹ́rin mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an. Wọ́n á kó òrùka kúrò, wọ́n á gbé wọn lọ síbi omi. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì kí iná lè gòkè. A á fi irin olójú pẹlẹbẹ ha ẹ̀kù ẹyin tó ti gan mọ́ gríìlì, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, sínú kòtò kékeré tó wà létí rẹ̀. A á fi aṣọ títẹ́ ìlọ́po mẹ́rin tó ti rin sómi nù ún, ooru á gba ojú kan. Ọwọ́ mi gbà nínú ooru yẹn, àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún. A á bọ́ ìbọ̀wọ́ dànù, a á fọwọ́, a á wọ òmíràn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, torí ẹran tútù ń bọ̀, ọwọ́ tó bá kan ẹran tútù kò gbọ́dọ̀ kan búrẹ́dì. Tósítà muffin kì í ṣe tósítà búrẹ́dì bọ́gà: ìwọ̀n iná wọn yàtọ̀, àyè inú wọn náà yàtọ̀. Inú agbada òróró tí hash brown (ọ̀dùnkún tí wọ́n rin kí wọ́n tó dín in) ti jáde ni ọ̀dùnkún díndín ń bọ̀ wá wọ̀. Fọ́ọ̀kì àti omi ṣúgà tí wọ́n ń dà sórí hotcake á kúrò létí wíńdò. Kẹ́ṣọ́ọ̀pù á wọlé. Àwòrán lórí pátákó á yí padà.

Gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ò sì dúró. Níbi wíńdò, aago kan wà tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti lò, bó bá ti pẹ́ jù á pọ́n. Máníjà ń wò ó. Ọ̀gá máníjà ń wò ó láti ibi tó wà. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá dé nígbà tí aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tó ní ẹyin méjì péré lòun fẹ́, pé ṣé ẹyin méjì ló máa wá wúwo, ohun tó ń béèrè ni pé kí a gbé irin tó ti ń gbóná padà sẹ́yìn, kí ọkọ̀ mẹ́wàá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró. Kò mọ̀. Kò sì sí bí ó ṣe lè mọ̀, nítorí kò rí wa.

Mo gbà pé àìrí yìí gan-an ló ń dá ìbínú sílẹ̀. Nílé, kò sẹ́ni tó ń bá alákàrà jà. Ìyá tó ń dín àkàrà létí títì á ti gbé agbada kaná kí ilẹ̀ tó mọ́. Tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, ó ti ń da eérú nù. Bí mo bá dé ní aago mẹ́wàá, mo á kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ó ti tán ni?" Á ní, "Ó ti tán o, ọkọ mi. Ó di ìrọ̀lẹ́." Ó tán nìyẹn. Mi ò ní kó tún lọ rẹ ẹ̀wà, kó bó o, kó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, nítorí temi. Mo rí iná rẹ̀, mo rí òógùn ojú rẹ̀, mo mọ ìgbà tó ti jí. Níbi wíńdò fast food, inú àpótí onírin ni ohùn ti ń jáde. A ò bá èèyàn sọ̀rọ̀, àpótí là ń bá sọ̀rọ̀, ó sì rọrùn láti bínú sí àpótí.

Ti owó, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹyin àti muffin máa ń dínwó ju bọ́gà ńlá pẹ̀lú ọ̀dùnkún àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ. Ẹni tó bá rí ẹyin rà ní aago kan ọ̀sán lè má ra bọ́gà mọ́. Owó tí ì bá san á dín kù, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un ò sì dín. Ilé-iṣẹ́ mọ èyí dáadáa. Àmọ́ tó bá jẹ́ owó nìkan ni ìdí, wọn ì bá má ti dán ohun tí wọ́n dán wò lọ́dún 2015.

Ìtàn ọdún yẹn yẹ kí gbogbo ẹni tó ń bínú mọ̀ ọ́n. Ọjà McDonald's ti ń lọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Steve Easterbrook di ọ̀gá àgbà ní oṣù Kẹta ọdún 2015. Wọ́n kọ́kọ́ dán oúnjẹ àárọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ wò ní San Diego. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá, wọ́n tú u sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ tó lé ní 14,000 jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Inú wọn dùn. Ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ọdún náà, ọjà àwọn ilé oúnjẹ wọn tó ti wà ní Amẹ́ríkà fi ìdá 5.7 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Owó wọlé, kò sí àní-àní.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n tú sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ àárọ̀. Ní agbègbè kan, muffin nìkan ni, ní òmíràn, pàápàá ní ìhà gúúsù, bískíìtì nìkan ni (bískíìtì Amẹ́ríkà yìí jẹ́ búrẹ́dì kékeré tó wú, tó rọ̀, tí wọ́n ń fi bọ́tà ṣe, kì í ṣe irú èyí tí ọmọdé ń mú lọ sílé ìwé nílé). Ilé-iṣẹ́ tó ń rí bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún kò lè ta muffin àti bískíìtì pọ̀ lọ́sàn-án níbi kan náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kí ló fà á? Àyè ò sí nínú ilé ìdáná. Ó di ọdún 2016 kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́ lójú. Àwọn tó ra ẹ̀tọ́ láti lo orúkọ McDonald's, tí wọ́n ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ilé oúnjẹ náà, ló ra tósítà àti gríìlì kékeré mìíràn láti inú àpò ara wọn. Kò pẹ́ tí àwọn náà fi ń ráhùn pé iṣẹ́ ti lọ́jú pọ̀, pé ọkọ̀ ń pẹ́ níbi wíńdò.

Àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tó wà nídìí iná, oúnjẹ tó ń sè ti di ìlọ́po, ọwọ́ rẹ̀ ò di mẹ́rin. Ìyípadà aago mẹ́wàá ààbọ̀ tí mo ṣàpèjúwe yẹn le, àmọ́ ó lópin: tó bá ti parí, ó parí, ẹ̀mí èèyàn á balẹ̀ sórí ohun kan. Bí kò bá sí ìyípadà mọ́, ìdàrúdàpọ̀ ìṣẹ́jú ogún yẹn ló máa wá di gbogbo ọjọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn èèyàn mi pé aago yẹn, òṣìṣẹ́ ló ń dáàbò bò ju ẹnikẹ́ni lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe nítorí òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní oṣù Kẹta ọdún 2020, tí òṣìṣẹ́ ò tó, tí gbogbo nǹkan dojú rú, McDonald's ní àwọn fẹ́ mú iṣẹ́ ilé ìdáná rọrùn. Oúnjẹ àárọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Àrùn lọ sílẹ̀, ilé oúnjẹ ṣí padà, òun kò padà wá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ilé oúnjẹ náà ò fẹ́ kó padà. Ohun tó mú owó wọlé, tí oníbàárà fẹ́ràn, tí àwọn oníṣòwò fúnra wọn ò tún fẹ́ gbé mọ́: ẹ ò rí i pé ẹrù náà wúwo lóòótọ́.

Ibi tí mo wà lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn fún ìgbà pípẹ́, mo ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń gún mi lọ́kàn.

Ìyá kan máa ń wá síbi tí mo ti ṣiṣẹ́. Ibi iṣẹ́ òru ló ti máa ń bọ̀: aṣọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti tẹ̀ lápá kan. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ka orúkọ tó wà láyà mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ọmọ Yorùbá ni ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀ kẹ̀? Èmi ń lọ sùn ni. Bá mi wá ẹyin àti bískíìtì, jọ̀ọ́. Láti alẹ́ àná, omi nìkan ni mo mu."

Mo wo aago. Ó ti kọjá. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, a ti kó o kúrò nílẹ̀." Kò bínú. Ó kàn mi orí rẹ̀, ó ní kí n fún òun ní ohun tó bá wà. Mo fún un ní bọ́gà, ó mú un lọ. Alẹ́ ni bọ́gà yẹn jẹ́ fún un, ẹyin ì bá sì jẹ́ alẹ́ bákan náà. Aago méje alẹ́ ló ti wọ iṣẹ́, ó yẹ kó jáde ní méje àárọ̀, ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló pẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Houston mọ̀ pé àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí, nọ́ọ̀sì ni o, olùtọ́jú arúgbó ni o, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ni o. Òru ni ọ̀sán wa. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ tí wọ́n fi pààlà sí oúnjẹ àárọ̀, ẹni tó sùn lóru ni wọ́n fojú sí.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá yìí tún ká mi lára ni pé òṣìṣẹ́ òru wà níbi ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Jim Delligatti, ará Pennsylvania tó dá bọ́gà ńlá tí wọ́n ń pè ní Big Mac sílẹ̀, tó kú lọ́dún 2016, òun náà ni wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ hotcake àti sọ́séèjì ní McDonald's. Àwọn tó ń rọ irin ní àgbègbè Pittsburgh ló sì ṣe é fún, nígbà tí wọ́n bá ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, tí ebi ń pa wọ́n, tí wọ́n ń lọ sílé. Ṣé ẹ rí i? Oúnjẹ àárọ̀ àwọn yẹn, oúnjẹ alẹ́ ni.

Nítorí náà, èmi ò sí lára àwọn tó ń ní kí wọ́n fa aago náà síwájú títí wọ ọ̀sán. Ọ̀sán kún. Ọ̀sán ni gríìlì ò ní àyè. Ẹ̀yìn ni kí wọ́n fà á sí, sínú òru, níbi tí irin ti tutù tí èrò ò pọ̀, gẹ́lẹ́ bí Peterson ṣe rí àyè nínú kùtùkùtù tí ẹnikẹ́ni ò lò.

Ìyẹn kì í ṣe àlá. Ní Texas níbí, ilé oúnjẹ Whataburger, tó bẹ̀rẹ̀ ní Corpus Christi lọ́dún 1950, aago mọ́kànlá alẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ àárọ̀, ó di aago mọ́kànlá àárọ̀ kó tó parí. Wákàtí méjìlá gbáko. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ òru lè jẹ ẹ́, ẹni tó jáde ní agogo mẹ́ta òru lè jẹ ẹ́, ẹni tó jí ní mẹ́wàá náà ṣì lè rí i. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n kó o kúrò, bọ́gà gba irin rẹ̀ padà. Wọ́n pààlà; àmọ́ wọ́n mọ irú èèyàn tó ń rìn ní ìlú wọn kí wọ́n tó fa ìlà náà. Bískíìtì wọn tó ní adìẹ díndín àti bọ́tà oyin, mo mọ àwọn tó ń jí nítorí rẹ̀.

Kódà àwọn náà, ẹyin ló ń pàṣẹ fún wọn. Ní ọdún 2015 kan náà, bird flu pa adìẹ lọ rẹrẹẹrẹ ní Amẹ́ríkà, ẹyin wọ́n gógó. Ní oṣù Kẹfà, Whataburger ní láti gé oúnjẹ àárọ̀ kúrú: aago márùn-ún sí mẹ́sàn-án àárọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ dé Australia lọ́dún 2024, McDonald's ibẹ̀, tó ti ń ta oúnjẹ àárọ̀ títí di aago méjìlá ọ̀sán, fà á padà sí mẹ́wàá ààbọ̀. Bí ẹyin bá ṣọ̀wọ́n, aago ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Ó rọrùn ju kí wọ́n fi owó lé e lọ, oníbàárà sì máa ń gbà á.

Ẹnìkan á ní ilé oúnjẹ Waffle House ńkọ́. Lóòótọ́, láti ọdún 1955 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Avondale Estates nítòsí Atlanta, ẹyin wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, wọn kì í tilẹ̀kùn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọlé kí ẹ wò ó: alásè dúró níwájú yín, ẹyin tí ẹ bèèrè ló ń fọ́, ẹ jókòó, ẹ ń dúró dè é, kò sí aago tó ń pọ́n lórí ọkọ̀ yín. Nítorí ẹyin ni wọ́n ṣe mọ irin wọn, bọ́gà ló jẹ́ àlejò ńbẹ̀. A ò lè gbé iyára San Bernardino mọ́ oúnjẹ Waffle House kí a retí pé kò ní já.

Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ wa tó ti ń ra ẹ̀tọ́ ilé oúnjẹ báyìí ní Houston, ní Dallas, ní Atlanta, bá ń ka èyí, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ má gbé ẹyin wọ aago kan ọ̀sán nítorí ẹni tó ń pariwo ní wíńdò. Bí àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí bá fàyè gbà yín, ẹ wá gríìlì kékeré kan, ẹ fi síbi igun, ẹ tan án láti aago mọ́kànlá alẹ́, kí ẹ fi òṣìṣẹ́ kan sí i tó máa gba owó òru. Ilé ìwòsàn ńlá wo ló wà nítòsí yín? Ẹ lọ béèrè aago tí wọ́n ń pààrọ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí oúnjẹ àárọ̀ yín dúró di wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, torí ẹni tó yẹ kó gbaṣẹ́ máa ń pẹ́.